X-ray ni mo fẹ́ kọ́ ní Amẹ́ríkà: community college ni, àbí ilé-ìwé ọsibítù, àbí yunifásítì?

Bí ọmọ Yorùbá bá dé Amẹ́ríkà tó sì ní iṣẹ́ ìlera lòun fẹ́ ṣe, nọ́ọ̀sì ni gbogbo ẹbí máa kọ́kọ́ dárúkọ fún un. Àǹtí ṣe é, ìyàwó pásítọ̀ ṣe é, bùrọ̀dá tó ń wa takisí nígbà kan náà ti wọ̀ ọ́. N ò bá nọ́ọ̀sì jà o. Nínú ìjọ wa ní Houston níbí, bí àwọn nọ́ọ̀sì bá dáwọ́ ìdámẹ́wàá dúró lóṣù kan péré, inú òkùnkùn la ó ti máa gbàdúrà. Àmọ́ yàrá kan wà ní ọsibítù kan náà tí àwọn èèyàn wa kì í fi bẹ́ẹ̀ yà sí, ìyẹn yàrá X-ray. Ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun láti ọdún 11 sẹ́yìn.

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí kì í yàtọ̀, ì báà jẹ́ níbi ìkómọ, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp láago méjìlá òru: "Ẹ̀gbọ́n, ilé-ìwé wo ni kí n lọ?" Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ọjà ni wọ́n máa já yín sí, lẹ́yìn tí owó bá ti tán lápò yín.

Ibi tí gbogbo ọ̀nà ti pàdé

Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà, ìdánwò kan ṣoṣo ló ń dúró dè yín níparí: ti ARRT. American Registry of Radiologic Technologists lorúkọ wọn, ọdún 1922 ni wọ́n dá wọn sílẹ̀, ìpínlẹ̀ Minnesota ni olú ilé-iṣẹ́ wọn wà. Ìbéèrè 200 ni wọ́n ń ka máàkì lé lórí, 75 lẹ gbọ́dọ̀ ní (ìwọ̀n tiwọn ni o, kì í ṣe 75 nínú ọgọ́rùn-ún bí ti ilé-ìwé wa), ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì gbà yín láyè láti ṣe é láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá yege ló ń kọ R.T.(R) sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Láìsí lẹ́tà yẹn, ọ̀pọ̀ ọsibítù ò ní ka ìwé tí ẹ fi ń wáṣẹ́ dé ìlà kejì.

Nǹkan méjì ni ARRT ń béèrè nípa ẹ̀kọ́ kó tó gbà yín síbi ìdánwò. Àkọ́kọ́, ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́ iṣẹ́ náà nílé-ìwé tí àwọn fọwọ́ sí. Èkejì, láti oṣù kìíní ọdún 2015, ẹ gbọ́dọ̀ ní dígírì, ó kéré tán èyí tí wọ́n ń pè ní associate degree (dígírì ọlọ́dún méjì). Kò pọn dandan kí dígírì yẹn jẹ́ ti X-ray. Ẹni tó ti gba dígírì ìṣirò owó ní yunifásítì kan níbí lè gbé e kalẹ̀, kó wá lọ kọ́ X-ray nìkan níbòmíràn. Ẹ fi èyí sápò, torí a máa lò ó nígbà tá a bá dé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ọsibítù.

Àjọ mìíràn wà tó ń jẹ́ JRCERT, ní Chicago. Àwọn ló ń yẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ìwé X-ray wò. Ohun tí mo fẹ́ràn lára wọn ni pé wọn kì í jẹ́ kí ilé-ìwé fi àléébù ara rẹ̀ pamọ́: gbogbo ilé-ìwé tó wà lábẹ́ wọn gbọ́dọ̀ gbé iye rẹ̀ síta kí gbogbo ayé rí i, ìyẹn iye àwọn tó yege ìdánwò ARRT nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, láàárín ọdún márùn-ún, iye àwọn tó ríṣẹ́ láàárín oṣù 12, àti iye àwọn tó parí nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ti ìdánwò àti ti iṣẹ́, wọn ò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní ìpíndọ́gba. Iye kẹta yẹn, iye àwọn tó parí, ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò. Ilé-ìwé tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ń yege ìdánwò, tó sì jẹ́ pé ìdajì àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ló ti já sọ́nà kí ìdánwò tó dé, ẹ bi í pé níbo làwọn yòókù wà.

Community college: owó kékeré, sùúrù púpọ̀

Community college ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà fún àwọn ọmọ àdúgbò, tó ń fúnni ní associate degree. Ní agbègbè wa níbí, Houston Community College ní Coleman College láàárín Texas Medical Center gan-an, San Jacinto College náà ń kọ́ ọ, Lone Star College sì ń kọ́ ọ ní CyFair. Àwọn tiwa tó wà ní Maryland ní Prince George's Community College ní Largo àti Montgomery College ní Takoma Park. Malcolm X College wà ní Chicago.

Owó ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Ibi tí ẹ ń gbé ni wọ́n fi ń díye lé e, nítorí náà títì kan péré lè pààlà láàárín ẹni tó ń san owó ọmọ àdúgbò àti ẹni tó ń san ìlọ́po rẹ̀. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 2024–25, tá a bá ṣírò gbogbo Amẹ́ríkà pọ̀, nǹkan bí $4,000 ni ọmọ àdúgbò ń san lọ́dún kan ní community college. Pell Grant, owó ìrànwọ́ ìjọba tí ẹnikẹ́ni ò ní kí ẹ dá padà, lè tó $7,395 lọ́dún kan náà fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀. Ẹni tó ní green card lè béèrè fún un lórí fọ́ọ̀mù FAFSA. Ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí i gbà, owó àlejò ló sì máa san. Ẹ wá fi owó aṣọ iṣẹ́, ìwé, ìdánwò, epo mọ́tò àti àyẹ̀wò oògùn olóró kún un. Owó páàkì láàárín Medical Center, ẹ má jẹ́ ká dárúkọ rẹ̀.

Ibi tó ti ń dun èèyàn ni àkókò. "Ọdún méjì" ni wọ́n kọ sára ìwé ìpolongo, irọ́ sì kọ́, àmọ́ ọdún méjì yẹn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe Anatomy and Physiology kìíní àti èkejì, English, algebra, àti àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó tún ń tọ́mọ kì í parí ìyẹn kí ọdún kan tó pé. Lẹ́yìn náà lẹ ó tó kọ̀wé pé ẹ fẹ́ wọ X-ray gan-an, àyè tó sì wà lè má ju 20 tàbí 30 lọ. Bí ilé-ìwé ṣe ń yan èèyàn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n máàkì ni wọ́n sábà máa ń kó jọ: A nínú Anatomy ní iye tiẹ̀, B ní tiẹ̀, TEAS tàbí HESI, ìyẹn ìdánwò ìgbaniwọlé, ní tiẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Mo mọ ẹni tó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó mú un. Nítorí náà, ẹni tó bá bi mí, ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni mo máa ń sọ fún un. Bí wọ́n bá wá mú un kíákíá, ọpẹ́ ni ti Ọlọ́run.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ clinical, ìyẹn àsìkò tí ẹ máa fi kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ní ọsibítù. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ló ń ṣiṣẹ́ òru ní group home tàbí ilé ìtọ́jú arúgbó, wọ́n á sì ní, "Ọ̀sán ni ilé-ìwé, òru ni iṣẹ́, mo máa ṣe méjèèjì." JRCERT ò gbà kí kíláàsì àti clinical lápapọ̀ ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀, ìyẹn náà sì ti pọ̀. Èyí tó tún le níbẹ̀ ni pé ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, lójú ọ̀sán, ni èyí tó pọ̀ jù nínú clinical gbọ́dọ̀ bọ́ sí. Ìdá 25 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n lè gbé sí ìrọ̀lẹ́ tàbí òpin ọ̀sẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa sanwó fún yín. Èmi ṣiṣẹ́ òru ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú fún ọdún méjì. Ọjọ́ Ajé, láti ibi iṣẹ́ ni mo ti ń wọṣọ lọ sí clinical. N ò gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n ò rí ọ̀nà mìíràn nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àárọ̀ kan hàn yín. Aago mẹ́fà àbọ̀, báàjì tó ń ka ìtànṣán ti wà láyà mi, àmì òjé kéékèèké méjì wà lápò mi, L fún òsì, R fún ọ̀tún, lẹ́tà orúkọ mi wà lára wọn kí wọ́n lè mọ ẹni tó ya àwòrán. (Bí ẹ bá sọ ọ́ nù, owó ara yín lẹ máa fi ra òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rà á.) Wọ́n ti ìyá àgbà kan wọlé lórí kẹ̀kẹ́, ikọ́ ń fi í ṣeré, dókítà fẹ́ rí àyà rẹ̀. Ínṣì 72 ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi jìnnà, torí bó bá sún mọ́ jù, ọkàn á tóbi nínú àwòrán ju bó ṣe tóbi lára lọ. Màmá á kọjú sí pátákó, á gbé àgbọ̀n lé e, á ti èjìká méjèèjì síwájú kí eegun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká lè kúrò lórí ẹ̀dọ̀fóró. Á mí sínú, á tún mí sínú, á sé e. Màmá yìí ò lè sé e. Mo tẹ bọ́tìnì, àwòrán jáde bí fọ́tò tí èèyàn yà látinú dánfó tó ń sáré.

Akẹ́kọ̀ọ́ ò gbọ́dọ̀ dá tún àwòrán yà láìjẹ́ pé ẹni tó ní ìwé àṣẹ dúró tì í. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́yìn gíláàsì. Kò bá mi wí. Ó ní, "Má wo ojú wọn, èjìká ni kó o máa wò." Èjìká màmá gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún gòkè, ó dúró díẹ̀. "Ó yá!" Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tá a ka egungun ìhà láti ẹ̀yìn lórí àwòrán náà, mẹ́wàá pé géérégé.

Irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ ń sanwó fún ní ilé-ìwé yòówù kí ẹ yàn. Iṣẹ́ tó lé ní 30 ni ARRT kà kalẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó buwọ́ lù yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ bi community college pé: ọsibítù wo lẹ máa rán mi lọ, ó jìnnà tó máìlì mélòó, ta ló ń yàn án? Àwọn kan máa ń gbé yín kiri ọsibítù mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọdún méjì. Ó ń rẹni, àmọ́ ẹ ó rí ọmọdé, ẹ ó rí ìjàm̀bá ọkọ̀, ẹ ó rí yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ibi tá a ti ṣe clinical náà ni wọ́n ti gbà wá síṣẹ́.

Ilé-ìwé ọsibítù

Láyé àtijọ́, inú ọsibítù gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Díẹ̀ ló ṣẹ́ kù báyìí, àmọ́ àwọn tó ṣẹ́ kù dáa. Kíláàsì wọn kéré, ó lè má ju èèyàn mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ ti wà láàárín àwọn aláìsàn, owó wọn kì í sì í gani lára. Ọmọ tó bá jáde níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, mo mọ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìwé-ẹ̀rí ni wọ́n ń fúnni, kì í ṣe dígírì. Bí ẹ ò bá tíì ní dígírì, àfi kí ọsibítù náà ní àdéhùn pẹ̀lú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó máa fún yín ní associate degree, tàbí kí ẹ lọ wá a fúnra yín. Òmíràn nínú wọn kì í gba Pell Grant, ẹ bèèrè kí ẹ tó fi ọkàn sí i. Bí ọ̀gá ibẹ̀ kò bá sì fẹ́ràn ojú yín, kò sí ọsibítù mìíràn tí wọ́n máa gbé yín lọ. Ẹ̀yin àti òun ni fún ọdún méjì.

Fún ẹni tó bá ti ní dígírì Amẹ́ríkà lọ́wọ́, tí iṣẹ́ báńkì tàbí ti ọ́fíìsì sì ti sú u, èmi á ní kó kọ́kọ́ wá ilé-ìwé ọsibítù kó tó wo community college rárá.

Yunifásítì

Ọdún mẹ́rin, Bachelor of Science. Ó wúlò fún ẹni tó fẹ́ di olùkọ́, ẹni tó fẹ́ di ọ̀gá ẹ̀ka, tàbí ọmọ ọdún 18 tí bàbá àti ìyá ń sanwó fún, tí ẹnikẹ́ni ò retí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Fún àgbàlagbà tó ti lọ́mọ, n ò rí ìdí rẹ̀. Ìdánwò ARRT kan náà lẹ jọ máa ṣe, tábìlì X-ray kan náà lẹ jọ máa dúró tì, owó oṣù àkọ́kọ́ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá gba associate degree ní community college lè máa ṣiṣẹ́, kó sì máa fi íntánẹ́ẹ̀tì parí bachelor díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọsibítù ló ń bá òṣìṣẹ́ wọn san lára owó rẹ̀. Bí èmi ṣe ṣe tèmi nìyẹn.

Ilé-ìwé aládàáni, àti ọ̀fìn tó wà lẹ́bàá ọ̀nà

Ẹ máa rí ìpolówó wọn lórí Facebook: wọ́n ní kò sí pé ẹ ń dúró, ẹ wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Àwọn kan lára wọn wà lábẹ́ JRCERT, wọ́n ń kọ́ni dáadáa, àwọn ọmọ wọn sì ń yege. Owó wọn ló le, ó lè jẹ́ ìlọ́po lọ́nà púpọ̀ ju ti community college lọ, ẹ̀yáwó ni ọ̀pọ̀ sì fi ń san án. Bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ̀ síwájú lọ yunifásítì lẹ́yìn náà, yunifásítì lè sọ pé òun ò ka kírẹ́díìtì ibẹ̀.

Ọ̀fìn tí mo sọ ni ti limited, ìyẹn ìwé àṣẹ tó ń jẹ́ kí èèyàn ya àwọn ẹ̀yà ara kan nìkan. Àbúrò mi kan, ọmọ ìyá ìyàwó mi, ló kó sínú rẹ̀. Ilé-ìwé kan ní ìlú wa níbí (n ò ní dárúkọ wọn) sọ fún un pé oṣù mẹ́sàn-án péré, ó ti di "X-ray technician". Ó bi wọ́n bóyá ó máa ṣe ìdánwò ARRT. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ká sòótọ́, wọn ò parọ́ tán. ARRT ló ń ṣètò ìdánwò limited fún àwọn ìpínlẹ̀ tó bá béèrè, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ ló ń fi máàkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí, kì í fún ẹni tó yege ní R.T.(R). Àbúrò mi yege. Texas fún un ní ìwé àṣẹ limited, LMRT, èyí tó ń jẹ́ kó ya àyà, ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ní kílíníìkì. Gbogbo ọsibítù tó kọ̀wé sí, R.T.(R) ni wọ́n béèrè. CT (ẹ̀rọ X-ray tó ń yí po láti ya inú ara), kò lè dé ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ó wá rí i pé ìwé tí ìpínlẹ̀ kan bá fúnni kì í sábà ran òmíràn. Kò sì sí kírẹ́díìtì kan tó lè gbé lọ síbòmíràn nínú gbogbo owó tó san.

Limited fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé kílíníìkì kékeré lòun fẹ́, tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè tó o. Ohun tó burú ni kí wọ́n ta ewúrẹ́ fún yín kí wọ́n ní màlúù ni. Ìbéèrè tó yẹ kí àbúrò mi bi wọ́n ni: "Lẹ́yìn tí mo bá parí, ṣé R.T.(R) ni mo máa kọ sẹ́yìn orúkọ mi?" Ẹni tó bá ń yí i po yí i ká kó tó dáhùn, ẹ dágbére fún un.

Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn síbí fún àwọn tí kò ráyè ka òkè yẹn tán:

| | Community college | Ilé-ìwé ọsibítù | Yunifásítì | Aládàáni |
|---|---|---|---|---|
| Àkókò gan-an | Ọdún 3 sí 4, pẹ̀lú ìdúró | Nǹkan bí ọdún 2, bí dígírì bá ti wà nílẹ̀ | Ọdún 4 | Ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ti oṣù mẹ́sàn-án |
| Ohun tí ẹ máa mú jáde | Associate degree | Ìwé-ẹ̀rí nìkan, àfi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá wà níbẹ̀ | Bachelor | Ó sábà máa ń jẹ́ associate. Ẹ bèèrè |
| Owó | Ó rọ̀ jù lọ, Pell sì lè gbé e | Ó rọ̀, àmọ́ ìrànwọ́ ìjọba lè má sí | Ó wọ́n | Ó wọ́n, ẹ̀yáwó pọ̀ |
| Wíwọlé | Ìdíje máàkì | Àyè kéré gan-an | Ó yàtọ̀ síra | Ó yá |
| Ta ló bá mu | Ọ̀pọ̀ nínú wa | Ẹni tó ti ní dígírì Amẹ́ríkà | Ọ̀dọ́ tí òbí ń tọ́ | Ẹni tó lówó tí kò lè dúró |

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é ní Nàìjíríà

Tiyín ló máa ń dùn mí jù. Ẹni tó lo ọdún márùn-ún ní Idi-Araba tàbí ní Enugu, tí Radiographers Registration Board of Nigeria ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tó ti ya àwòrán ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, á dé ibí, wọ́n á ní kó wá jókòó ti ọmọ ọdún 19 nínú kíláàsì. Ìwé RRBN nìkan kò lè gbé yín wọ ibi ìdánwò ARRT. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín ṣe àyẹ̀wò transcript yín, kí ẹ gbé e lọ bá olórí ẹ̀ka X-ray ní community college fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọ tó jókòó níbi ìforúkọsílẹ̀. Ẹ bi í bóyá wọ́n lè fún yín ní ìdinkù fún ohun tí ẹ ti mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa gba English àti ìṣirò yín, èyí á sì yọ sẹ́mẹ́sítà kan tàbí méjì kúrò. Àwọn ojúgbà yín tó lọ sí England, HCPC, àjọ tó ń forúkọ òṣìṣẹ́ X-ray sílẹ̀ níbẹ̀, ní ọ̀nà tó ń gbà yẹ ìwé ẹni tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè wò. Nítorí náà, ẹni tí kò tíì kúrò nílé, tí ìlú méjèèjì sì ṣí sílẹ̀ fún, kó wò ó dáadáa kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù

Àwọn obìnrin máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bèèrè nípa oyún. Òfin Amẹ́ríkà ní ìtànṣán tí òṣìṣẹ́ máa gbà lọ́dún kò gbọ́dọ̀ ju 50 mSv lọ. Bí obìnrin bá fi ìwé sọ pé òun lóyún, ó di 5 mSv fún gbogbo àsìkò oyún náà. Ìfẹ́ inú yín ni bóyá ẹ máa kọ ìwé yẹn, ilé-ìwé tó wà lábẹ́ JRCERT ò sì gbọ́dọ̀ lé yín torí ẹ̀. Pẹ̀lú ẹ̀wù òjé àti ògiri láàárín, ohun tí báàjì èmi ń kà lọ́dún kéré gan-an sí 50 yẹn. Síbẹ̀ ẹ bèèrè ìlànà wọn kí ẹ tó wọlé: ẹni tó bá dá clinical dúró nítorí oyún, ìgbà wo ló lè padà?

Ẹni tí ọ̀ràn kan ti dé bá ní kóòtù rí, ì báà jẹ́ ti ọtí àti mọ́tò, ARRT ní àyẹ̀wò ìwà kan tí ẹ lè ṣe kí ẹ tó náwó sí ilé-ìwé. Ẹ ṣe é ní àkọ́kọ́.

Ní ti owó oṣù, torí mo mọ̀ pé òun lẹ ti ń dúró dè: iye tí Bureau of Labor Statistics gbé jáde fún oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni pé ẹni tó wà láàárín gbùngbùn nínú àwọn tó ń ya X-ray ń gba $73,410 lọ́dún. Ti MRI (àwọn tó ń fi ẹ̀rọ òòfà ya inú ara) jẹ́ $83,740. Ti nọ́ọ̀sì RN jẹ́ $86,070. Nítorí náà, àǹtí tó ní kí ẹ ṣe nọ́ọ̀sì kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní R.T.(R) lè kọ́ CT tàbí MRI lẹ́nu iṣẹ́ láìtún padà sí kíláàsì fún ọdún méjì. Àti pé, kí n sọ tinú mi, aláìsàn kan máa ń lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́dọ̀ mi, ó parí, ó lọ. Àǹtí á lo wákàtí 12 pẹ̀lú tiẹ̀.

Àbúrò mi tó kó sínú ọ̀fìn limited ti bẹ̀rẹ̀ ní community college báyìí. B ló gbà nínú Anatomy àkọ́kọ́, ó pè mí lóru pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n tún un ṣe ni?" Mo ní kó gbé tábìlì tí wọ́n fi ń ka máàkì ní ilé-ìwé náà síwájú kó ṣírò rẹ̀, torí TEAS tó dáa lè bo B kan mọ́lẹ̀. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ló máa lọ ṣe TEAS náà.